Orúkọ Tó Pa Ọmọ Lẹ́nu Mọ́

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò kọjá páráìmárì márùn-ún. Bíbélì àti ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ́ Yorùbá kíkà títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu, ọwọ́ mi kò sì yá sí bírò. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ síwájú tó tún ń padà sẹ́yìn, ẹ bá mi fara dà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ lójú ènìyàn, nítorí ojú a máa tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́.

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè ló máa ń mú un padà wá sọ́kàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ìtòsí ẹkù rí, níbi tí a ti ń fọ epo pupa, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, èéfín wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irun àti aṣọ ènìyàn títí di ọjọ́ kejì. Ẹkù ìyá ọkọ mi wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn agbo ilé wa ní Ìlá, lẹ́bàá odò kékeré kan tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá láti Ìresì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a gbé ìyàwó tuntun wá fún àbúrò ọkọ mi ọkùnrin. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé jọ síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó sọ wọ́n lórúkọ. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi dìde, mo ní mò ń lọ wo iná ẹyìn mi. Kò sí iná kankan lábẹ́ ẹyìn mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n ti bí kí o tó wọlé, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n, ó ṣáájú rẹ nínú ilé náà. O gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn tí wàá máa pè é. Bí o bá pe èyí tí baba rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Àwọn ìyàwó tí ẹnu wọn dùn máa ń fi orúkọ yìí ṣe ẹwà. Ọmọ tó dúdú tó ń dán, wọ́n á pè é ní Adúmáadán. Èyí tó fẹ́ràn ìwé, wọ́n á pè é ní Akọ̀wé. Mo mọ bàbá arúgbó kan ní agbo ilé wa tó jẹ́ pé orúkọ tí ìyàwó kan sọ ọ́ nígbà tó wà ní ìhòòhò ni gbogbo ìlú ń pè é títí dòní. Ìyàwó náà ti kú tipẹ́. Orúkọ náà kò kú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa ara mi kí n tó tẹ̀síwájú. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé ní Ìresì, olùkọ́ wa ní kí n dìde kí n ka ojú ìwé kan. Mo mọ̀ ọ́n kà. Mo ti kà á sétí ewúrẹ́ ìyá mi nílé láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde tí gbogbo ojú yí sí mi, ẹnu mi lẹ̀ pọ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lu aago. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń pè mí ní Ère, nítorí ère ní ẹnu, kò sì lè fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá mi sọ pé agbára àwọn kò gbé ilé-ìwé wa mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Èmi kò sunkún. Inú mi dùn pé mi ò ní gbọ́ Ère mọ́.

Nítorí náà, ẹ wò mí ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé mi wọ Ìlá, lórí ẹní, lórí ìkúnlẹ̀, tí ilé kún fún ènìyàn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kí mi, tí mò ń fi orí dá wọn lóhùn. Ìyálé wa kan wà tó máa ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, obìnrin tó sanra, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó yìí, ṣé Ìresì lo gbàgbé ẹnu rẹ sí ni? Ká rán ọlọ́kadà lọ gbé e wá." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná láti orí dé àtàǹpàkò. Mo rò ó pé bí mi ò bá tètè ṣe nǹkan kan, Ère tún dé nìyẹn, inú ilé tí mo máa gbé títí mo fi máa kú ló sì máa bá mi gbé.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi kó àwọn ọmọ wá. Ti àkọ́kọ́ rọrùn, ọmọkùnrin kan tó ń fi okùn fa agolo kiri. Mo pè é ní Bàbá Ọlọ́kọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èkejì ń rẹ́rìn-ín sí mi, eyín rẹ̀ funfun. Mo pè é ní Eyínfúnjowó. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, ìyálé wa náà sì ní, "Háà, wọ́n ti gbé ẹnu náà dé." Ẹ̀kẹta ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ilé, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ó sá sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀. Wọ́n fà á síwájú, ó tẹ orí ba, ó ń fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì. Mo wò ó, ara mi ni mo rí. Kò pẹ́ tí mo ronú. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní, "Adákẹ́. Adákẹ́ ni èmi yóò máa pè é."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ìyálé wa ní, "Ìyàwó ti rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀." Gbogbo ojú ṣí kúrò lára mi, wọ́n lọ sára ọmọ náà. Mo rántí bí ara ṣe tù mí. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù ẹyìn kalẹ̀ fún ènìyàn lẹ́yìn tó ti rù ú láti oko wálé. Mi ò bi ara mi pé orí ta ni wọ́n gbé e lé. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé. Ojú tí ń tì mí ni mo wò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà kì í ṣe ẹni tó máa ń dákẹ́. Kí oṣù kan tó pé, mo ti ń gbọ́ ọ nínú yàrá ìyá rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Àlejò ló kàn ń tì í lójú, bí ó ti ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ti jáde. Bí ó bá la ẹnu ní gbangba, ì báà jẹ́ láti bèèrè omi, ẹnìkan á ní, "Ẹ gbọ́, Adákẹ́ sọ̀rọ̀. Òjò á rọ̀ lónìí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì tẹ orí ba. Kò sí ẹni tó ní ibi lọ́kàn. Bí a ṣe ń fẹ́ràn ọmọ nílé wa nìyẹn, à ń fi wọ́n ṣeré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá ń dárúkọ òjò sí ní gbogbo ìgbà tó bá sọ̀rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ lójú àlejò, lẹ́yìn náà lójú ará ilé, nígbà tó yá mi ò gbọ́ ohùn kankan láti yàrá ìyá rẹ̀ mọ́.

Èmi náà ṣe òjò yẹn. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti lo bí ọdún mẹ́ta nílé ọkọ, mo lọ kó ìhá, pàǹtí ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀, sí ẹ̀yìn ẹkù. Mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò mọ̀. Mo yọjú. Ọmọ náà ni, ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta, ó to èkùrọ́ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ síwájú wọn. Ó ní, "Bí mo bá mú méjì kúrò nínú mẹ́fà, mélòó ló kù?" Ọmọkùnrin kékeré kan ní márùn-ún. Ó ní, "Márùn-ún? Níbo lo ti jí ọ̀kan mú? Mú un jáde lápò rẹ, olè èkùrọ́, kí o tún un kà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọmọ náà sì tún un kà, ó gbà á. Ohùn rẹ̀ já gaara, ó ní àṣẹ díẹ̀, ó dàbí ohùn ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo dúró, mi ò fẹ́ kó tán.

Imọ̀ ọ̀pẹ kan ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yíjú, ó rí mi, ẹnu rẹ̀ sì dé bí ọmọrí ìkòkò. Ǹ bá kọjá lọ. Ǹ bá ní kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wà nídìí àgbá lẹ́yìn mi, mo sì ti mọ ohun tó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ wá wò ó, Adákẹ́ ti di tíṣà. Ẹ yára gbé korobá síta, òjò ń bọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àwọn ọmọ kéékèèké náà bá wọn rín in. Ó kó èkùrọ́ rẹ̀ sínú ìdí aṣọ, ó dìde, ó lọ. Mi ò rí i kó tún to èkùrọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tó wà ní páráìmárì mẹ́fà, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí ará ilé kan wá. Ọjọ́ náà, epo ń hó lórí iná, ìyá ọkọ mi kò lè fi í sílẹ̀, ni wọ́n bá rán mi. Ọmọbìnrin kan tí kò jù mí lọ ni olùkọ́ náà, kì í ṣe ará Ìlá. Ó mú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i ni?"

Mo ní, "Báwo, ma?"

Ó ní, "Kíkọ rẹ̀ dára. Ìṣirò rẹ̀, kò sí ẹni tó tó o ní kíláàsì yìí. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo bi í ní ìbéèrè. Àwọn ọmọ ló dáhùn fún un. Wọ́n ní, 'Ẹ fi í sílẹ̀, ma, Adákẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ nílé wọn.' Mo rò pé àìsàn ni. Àánú ṣe mí, mi ò sì bi í ní nǹkan kan mọ́, kí ojú má baà tì í."

Mo wo inú kíláàsì. Ó wà ní ìkángun, lẹ́bàá fèrèsé, ó ń kọ nǹkan, kò gbójú sókè. Mo rí i nígbà náà pé orúkọ náà ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé-ìwé, ó sì ti bá a gba àyè kalẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ní ilé, àánú ní ilé-ìwé, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, kò sí ẹni tó ń bi í ní ohunkóhun. Olùkọ́ ń wojú mi, ó ń dúró de èsì. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà. Mo ní, "Mi ò mọ̀, ma. Ìyàwó ilé ni mí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé 'mi ò mọ̀' yẹn, irọ́ ni. Nígbà tí mo dé ilé, mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé olùkọ́ ní kíkọ rẹ̀ dára. Wọ́n ro epo, wọ́n ní, "Ẹnu ló kù." Mo fẹ́ iná.

Ìgbà tí ó ku díẹ̀ kó kúrò ní páráìmárì ni Ìyá Òṣogbo wá. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni wọ́n, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìpápánu lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń wá ọmọ tí yóò máa bá wọn gbé. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun. Bàbá ọkọ mi wà lórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí. Ọmọ náà wà lẹ́bàá ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà. Èmi ń gbé omi wá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé ó wà ní ìlú mìíràn.

Ìyá Òṣogbo ní, "Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo bá jẹ lálẹ́, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí kò lẹ́nu yìí ni mo fẹ́."

Bàbá ní, "Mo ti ní in lọ́kàn pé kó lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n ní ó mọ̀wé."

"Ìwé tí kò lè sọ jáde? Kí ni yóò fi ṣe é, Ẹ̀gbọ́n? Á kàn jókòó láàárín ọmọ aráyé bí òkúta. Lọ́dọ̀ tèmi, á máa ta ọjà, á jẹun, á sùn. Ìwà pẹ̀lẹ́ ló ní, ẹ má fi dá a lóró."

Bàbá ń fi ìka lu ẹsẹ̀ àga. Mo rí i pé Bàbá kò fẹ́ fún Ìyá Òṣogbo lọ́mọ náà, ohun tí wọn yóò sọ ni wọn kò rí. Ni wọ́n bá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwọ lo rí i láti ọjọ́ kìíní, ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ. O sì ń bá a ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, pé kì í sọ̀rọ̀?"

Mo ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Gbogbo ojú wà lára mi. Ìresì ni mo padà sí, sínú kíláàsì, tí mo mọ ohun tó wà nínú ìwé. Mo mọ èkùrọ́ mẹ́fà. Mo mọ ohun tí olùkọ́ sọ. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi bí omi ṣe wà nínú ife yẹn. Ṣùgbọ́n láti sọ wọ́n, mo gbọ́dọ̀ ta ko Ìyá Òṣogbo lójú wọn, kí n sì sọ ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi orí wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kó múra. Lọ́la, bí ẹ bá ti jẹun àárọ̀, ẹ máa mú un lọ."

Ọwọ́ ọmọ náà dúró nínú ẹ̀wà. Kò wò mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo bá a nídìí okùn aṣọ, ó ń ká yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó fi ọwọ́ tẹ ìlà kọ́là rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó wù ọ́ láti lọ?" Bí mo ṣe bi í tán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn fún un. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ilé Ìyá Òṣogbo dára, iná mànàmáná wà níbẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, à ń bi í léèrè, à ń fún un lésì, a sì ń lọ. Ní ọjọ́ náà mo di ẹnu mi mú. Mo dúró. Adìẹ kan wá, ó jẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó lọ. Mo ṣì dúró.

Ó ní, "Mo fẹ́ lọ sí ilé-ìwé."

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún Bàbá?"

Ó wò mí nígbà náà. Ó ní, "Ìyàwó, bí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe ohun tí mo sọ ni wọ́n máa gbọ́. Wọ́n á ní òjò fẹ́ rọ̀."

Mo bá a mú etí aṣọ kejì, a jọ ká a. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Kí ni kí n máa pè ọ́ láti òní lọ? Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o sọ." Mo rò pé á sọ Akọ̀wé, tàbí Tíṣà, tàbí orúkọ ẹlẹ́wà kan bíi ti àwọn ọmọ yòókù.

Ó ní, "Orúkọ mi."

Ohun tí ìyàwó kò gbọ́dọ̀ ṣe ló bèèrè yẹn, òun náà sì mọ̀. Kò fi dandan lé e. Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Òṣogbo nìkan ló dá lọ. Kì í ṣe èmi ni mo dá wọn dúró; ọmọ náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún baba rẹ̀ pé ilé-ìwé lòun fẹ́, nígbà tí wọ́n bi í, tí wọ́n sì dúró de èsì. Mo kàn ṣí ilẹ̀kùn tí mo tì ni. Ó wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí níhìn-ín ní Ìlá, ó sì máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nídìí ẹkù. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ó ti tán. Ó ṣì máa ń wo ojú ènìyàn kó tó la ẹnu, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run. Ìdajì agbo ilé ṣì ń pè é ní Adákẹ́, mi ò sì lè lọ máa gba orúkọ náà padà lẹ́nu wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Epo tó bá dà sára aṣọ funfun, o lè fọ̀ ọ́ títí, ojú ibi tó dà sí á máa hàn. Ohun tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe ìwé nìkan ni ọmọ ń kà. Ó ń ka ojú wa, ó ń ka ohun tí a ń pè é, ó sì ń gbà á gbọ́. Èmi ka Ère, mo gbà á gbọ́, inú mi dùn láti fi ilé-ìwé sílẹ̀, mo sì gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ìyàwó tuntun wá bá mi nídìí ẹkù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ẹnu òun wúwo, òun kò tíì rí orúkọ sọ ọmọ kan, mo ní kó kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ náà ná, kó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ká aṣọ yẹn, mo tètè gbálẹ̀. Nígbà tí mo gbá a tán, Bàbá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rin orín. Ìyá ọkọ mi ń fẹ́ iná ògì. Ìyá Òṣogbo ti di báàgì wọn, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo kúnlẹ̀ sí àárín àgbàlá, mo sì pe ọmọ náà ní orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́. Ohùn mi kò jáde dáadáa. Mo tún un pè. Abẹ̀bẹ̀ ìyá ọkọ mi dúró. Ìyá Òṣogbo ní, "Ta ni ìyàwó ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá yọ orín lẹ́nu. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo wo ilẹ̀kùn yàrá tó wà, mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì dúró.

Ó ní, "Mo wà níbí. Mo ń bọ̀."

Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó dárúkọ òjò.